Dísíkẹ́ẹ̀tì Méjìlá Tí Ìyá Àgbà Pín

Ìró tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń ṣe bí a bá ti dísíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tí a ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, bọ̀ ọ́ lẹ́nu kò tíì kúrò ní etí mi. Á kọ́kọ́ dún gbò, á dákẹ́ díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha nǹkan nínú bí eku tó wọ àpótí aṣọ. Nínú pálọ̀ bàbá mi ní Òmù-Àrán ni mo ti gbọ́ ọ jù, ní àwọn ọdún tí nǹkan le, tí a ń to ìlà nítorí epo bẹntiróòlù ní orílẹ̀-èdè tó ń wa epo látinú ilẹ̀. Bàbá mi kọ́ ilé náà nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàn. Olùkọ́ ni, àmọ́ láyé ìgbà yẹn olùkọ́ náà ń kọ́lé oníyàrá mẹ́wàá, ó ń ra mọ́tò, ó sì gbà pé báyìí ni yóò máa rí lọ. Nígbà tí èmi fi padà wálé láti Èkó, yàrá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ṣófo, mọ́tò náà sì ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí lẹ́yìn ilé.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló kógbá sílé. Ọ̀gá wa kó wa jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀ wá, ó ní kí oníkálukú mú ohun tó bá lè gbé. Àwọn kan gbé àga, akọ̀wé wa gbé fáànù. Èmi gbé kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, mo fi tìmùtìmù dì í, mo sì wọkọ̀ wálé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ìgbéraga mi sì ju ọjọ́ orí mi lọ. Mo gbà pé láti Òmù-Àrán títí dé Ṣàrẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Java, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wá a. Ohun tí àwọn aládùúgbò gbé wá fún mi ni rédíò àti áyọ́ọ̀nù, torí wọ́n ti gbọ́ pé mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mo máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì gbé rédíò wọn lọ bá ẹni tó wúlò.

Mo ti lo oṣù mẹ́jọ nílé, bàbá mi sì ti bá mi rí ọ̀gá ilé-ìwé kan pé kí n wá máa kọ́ni ní ìṣirò ní sáà tó ń bọ̀, kí lẹ́tà ọ̀gá mi àtijọ́ tó dé. Ó ti gba yàrá kan ní Èkó, ó ti ń ríṣẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun, ó sì ń wá ẹnì kan ṣoṣo sí i. Àwa mẹ́ta ló kọ̀wé sí. Ó ní òun yóò fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ẹni tó bá sì gbé e wá bá òun ní Èkó tí ó sì ń ṣiṣẹ́, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè kan báyìí, lòun yóò gbà, nítorí òun ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà títí ó fi ya níbi tí mo ti ṣẹ́ ẹ po. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ní kí a ṣe, kì í ṣe ohun tó nira láti lóye. Kò sẹ́ni tó ń dá odidi ètò kọ. Ẹnì kan ti kọ abala tó ń ya fèrèsé sójú ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ti kọ èyí tó ń ka ọjọ́ àti oṣù, ìwọ á kàn yá a lò. Àmọ́ abala tí o yá yẹn náà ti yá tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà sì yá tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, gbogbo rẹ̀ dúró. Lákòókò tí mò ń wí yìí, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tò wọ́n, a ó tò ó títí orí á máa fọ́ wa. Ọ̀gá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wá ṣe irinṣẹ́ kan tó ń ka orúkọ gbogbo abala tí ètò kan nílò, tó ń wò ó bóyá gbogbo wọn ló wà níkàlẹ̀, tó ń mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, tí á sì kó gbogbo wọn pọ̀ di odidi. Iṣẹ́ wa ni kí a gbé irinṣẹ́ yẹn kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwa, kí a fi kó ètò náà jọ, kí a ṣe àfikún kékeré kan sí i. Bàbá mi gbọ́ àlàyé yìí, ó ní, "Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí o bẹ̀ lọ́wẹ̀ náà ti bẹ ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan ò bá yọjú, oko ò ní ṣeé ro." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá, mi ò tíì rí ibi tó ti jinlẹ̀ jùyẹn lọ.

Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Òmù-Àrán nígbà náà. Bí nǹkan yóò bá ti Èkó wá, ẹni tó ń bọ̀ wá sìnkú tàbí tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó ni yóò gbé e. Bàbá arúgbó kan kú ní agbo ilé tó kángun sí tiwa, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Èkó, sì ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀gá mi lọ bá a nílé, ó sì kó dísíkẹ́ẹ̀tì méjìlá fún un. Ohun tó wà nínú wọn tóbi ju ohun tí ẹyọ kan lè gbà lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi gé e sí méjìlá, tí ó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, á máa béèrè wọn tẹ̀léra títí dé ìkejìlá. Bí mọ́kànlá bá pé tí ọ̀kan kò sí, asán ni mọ́kànlá.

Ní ilé wa, báàgì tó bá ti ìrìn àjò dé kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni kó tó dé iwájú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Òun ló ń tú u, òun ló ń pín in. Búrẹ́dì kan lè di ọ̀nà mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọṣẹ kan di mẹ́rin, kò sì sí agbo ilé tó yí wa ká tí kì í rí tirẹ̀ gbà, títí kan ilé àfáà tó kọjú sí tiwa, tí àwọn náà máa ń gbé ẹran iléyá wá fún wa nínú abọ́ tó bò mọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà lawọ́ débi pé àwọn èèyàn máa ń mọ̀ pé àlejò ti dé sílé wa kí wọ́n tó rí àlejò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú tirẹ̀ kẹ́yìn, nígbà mìíràn kì í sì í kù.

Ọjọ́ Fúráìdeè tí Àǹtí Èkó dé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ tí ọ̀gá mi dá pé, mi ò sí nílé. Mo ti lọ to ìlà epo fún jẹnẹrétọ̀ ní Ìlọrin, torí iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ìlà náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sùn sílé ọ̀rẹ́ mi kan. Àǹtí Èkó gbé báàgì kalẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì kọjá sílé olókùú. Ó rò pé èmi ni yóò kọ́kọ́ rí báàgì náà. Ìyá Àgbà tú u, ó rí búrẹ́dì, ó rí ọṣẹ, ó sì rí ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan tó ní irin dídán lẹ́nu, méjìlá, tí rọ́bà so pọ̀. Kò mọ̀ ọ́n kà, kò sì rí irú rẹ̀ rí, àmọ́ ó kà wọ́n, ó rí i pé ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ta ló ń ra ohun kan náà ní méjìlá bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ pín in? Bó ṣe rò ó nìyẹn. Mo ti yẹ èrò náà wò láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí àbùkù nínú rẹ̀.

Mo dé ní òwúrọ̀ Sátidé tèmi ti jẹ́ríkàn epo lórí ọ̀kadà, inú mi ń dùn. Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo béèrè ohun tí Àǹtí Èkó mú bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo ti pín in, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló ń kí yín." Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú ìdí búrẹ́dì kan àti ààbọ̀ ọṣẹ tó fi láílọ́ọ̀nù wé. "Ìpín tìrẹ rè é."

Nígbà tí mo wá lóye ohun tó pín, mi ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti jáde lẹ́nu mi. Mo pariwo mọ́ ọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn tó ń lọ sílé olókùú ti ń kọjá. Mo ní, "Kí ló kàn yín nínú ẹrù ẹlẹ́rù? Láti òní lọ, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti Èkó wá mọ́, àfi bí mo bá sọ ẹni tó ni ín fún yín." Bàbá mi sọ̀rọ̀ láti inú pálọ̀, ó ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀." Kò parí rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyókù.

Ìyá Àgbà gbé àwo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ohun tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ ni. Mo ní òun ni. "Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ kí n wé gèlè mi."

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, ẹ mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Ẹ̀bùn tí a ti fún èèyàn, a kì í padà lọ gbà á. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà ló ń wá, tàbí kó jẹ́ pé ìyà ti wọ ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì ṣe irú rẹ̀ rí. Ó mọ gbogbo ilé tó fún láìkọ ọ́ síbì kankan. Mẹ́jọ wà ní Òmù-Àrán. Méjì ti bá àwọn obìnrin tó wá síbi òkú lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ọ̀kan ti lọ sí Ìsánlú-Ìsin, ọ̀kan sì ti lọ sí Òwu-Ìsin. Òun ṣáájú, mo gbé àpò láílọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e, mo ṣì ń binú.

Ohun kan náà ló sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣèèṣì. Nǹkan ọmọ mi ni, kì í ṣe tèmi tí mo lè fún yín." Obìnrin àkọ́kọ́ ti fi tirẹ̀ dé kọ́ọ̀pù omi. Télọ̀ tó wà ní ìkóríta ń fi tirẹ̀ fa ìlà tààrà sára aṣọ, ó sì ní òun kò rí rúlà tó dáa tó o. Ìyáálé ilé àfáà ti fi tiwọn sábẹ́ fìtílà kí kẹrosíìnì má baà ba tábìlì jẹ́. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún mọ́, ó ní, "Wàláhì, a ò mọ̀, Ìyá," ó sì ní a ò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ó bu ẹ̀wà sínú abọ́ fún wa. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù ti gbé tirẹ̀ kọ́ sábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo Ìyá Àgbà lójú, ó ní, "Ṣé nǹkan ti le tó báyìí nílé yín ni, Ìyá?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó le díẹ̀." Mo rí i pé ó yára sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju bó ṣe gùn ún lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́jọ ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ẹyin.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Àgbà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rántí ọjọ́ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. A wọ ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Ẹ̀sìẹ́, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó wà níbẹ̀ sì dá tiwọn padà láìjanpata. Ọ̀kan nínú wọn ti fi aṣọ wé tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ní Ìsánlú-Ìsin, ẹni tí a wá lọ ti lọ sóko, a sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi dé. Òun ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín jù, ó ní òun ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ń sè é ni. Ìyá Àgbà bá a rẹ́rìn-ín.

Òwu-Ìsin ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n gbé níyàwó síbẹ̀, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló gba dísíkẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e sórí rédíò ńlá tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àlejò yóò ti rí i. Irin òòfà tó wà nínú rédíò lè pa ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ́ pátápátá. Ìyá Àgbà sọ ohun tó ti ń sọ láti àná. Bàbá náà ní, "Ìyá, ẹ fọmọ fún wa, ẹ tún fi ẹ̀bùn tẹ̀ lé e. Lónìí ẹ wá gba ẹ̀bùn. Ṣé lọ́la lẹ máa wá gba ọmọ?" Kò pariwo. Mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Àwa ni a fọmọ fún wọn, àwọn ló yẹ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún wa. Ọkùnrin yẹn kò sì tó àkọ́bí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí. Ìyá Àgbà di ọwọ́ àga mú, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì kanlẹ̀, orúnkún rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó sùn bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó ní, "Àna mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló yá ju ojú mi lọ. Kò sí ìjà láàárín wa." Kí bàbá náà tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà sáré wá láti gbé e dìde, ó ń sunkún. Èmi nìkan ló dúró. Orí rédíò ni mo ń wò, mo ń ṣírò bí ọjọ́ méjì ṣe pọ̀ tó fún irin òòfà.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ó béèrè pé, "Ṣé ó pé báyìí?" Mo ní ó pé.

Láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo ń ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ ń dún gbò, ó ń ha. Èyí tí télọ̀ fi ń fa ìlà kọjá. Èyí tó wà lábẹ́ fìtílà kọjá. Ìkẹsàn-án ni ti Òwu-Ìsin. Ẹ̀rọ ha á títí, ó dúró, ó kọ ọ́ sójú pé òun kò lè kà á. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fa irin ẹnu rẹ̀ lọ fà á bọ̀, mo dá a padà. Ó kọ̀. Mo gbàdúrà sí i, èmi tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ kò mọ àdúrà, mo sì dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé e mì. Nígbà tí ìkejìlá wọlé, mo gbé irinṣẹ́ náà kalẹ̀. Mo ní láti sọ ibi tí Java ń gbé fún ẹ̀rọ, kí n sì sọ ibi tí irinṣẹ́ náà ń gbé. Ìwàǹwára jẹ́ kí n kọ àdírẹ́sì kan ní àṣìkọ, irinṣẹ́ náà ń sọ pé òun kò rí Java, èmi náà ń bú u pé ojú rẹ̀ fọ́. Ó tó wákàtí kan kí n tó rí i pé ojú tèmi ló fọ́. Mo tún un kọ, mo tún tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ àwọn abala wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, kò sì sí èyí tó ní òun kò rí ẹnìkejì òun. Nígbà tó ṣe, fèrèsé kékeré kan ṣí, ó ní bọ́tìnnì kan láàárín. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání fún mi. Ó béèrè pé, "Ṣé gbogbo wọn ló dé?" Mo ní gbogbo wọn ló dé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà." Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe àfikún tí wọ́n ní kí n ṣe, mo da ètò náà sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, mo sì lọ wọkọ̀ Èkó ní gáréèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀gá mi ti ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tí mo dà. Mo ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé déédéé, gbogbo ẹni tó bá ń lọ sílé ni mo máa ń di páálí fún: ọṣẹ, bisikíìtì, mílíìkì, aṣọ. Èmi fúnra mi kì í lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan tí mo lọ kí wọn lọ́dún Kérésìmesì, mo rí páálí tó ga dé ojú fèrèsé ní yàrá Ìyá Àgbà, mo sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní ó ti di oníṣòwò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ń dúró ni." Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Ó kú ní ọdún keje tí mo ti kúrò nílé. Níbi ìsìnkú rẹ̀, obìnrin kan láti agbo ilé kejì ń bá mi kẹ́dùn, ó ń sọ oore tí Ìyá Àgbà ti ṣe fún un, ó wá fi kún un, láìní ibi kankan lọ́kàn, pé ó kàn jẹ́ pé wọ́n wá háwọ́ díẹ̀ nígbà ogbó wọn ni, pé bẹ́ẹ̀ ni àgbà ṣe máa ń rí. Inú bí mi sí i. Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti Àǹtí Èkó ṣí yàrá náà láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Gbogbo páálí tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ọdún méje ló wà níbẹ̀. Okùn tí mo fi dì wọ́n ṣì wà lára wọn. Ti Àǹtí Èkó náà wà níbẹ̀, àti ti gbogbo ará ilé tó wà ní Èkó. Mo bi Àǹtí Èkó léèrè. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mo ti mọ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn ni. Bí mo bá ní kí wọ́n pín in, wọ́n á ní ọmọ àwọn kò tíì sọ ẹni tó ni ín." Mo jókòó sórí páálí kan nínú wọn, mo sì sunkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú.

Mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo sì fi ọjọ́ márùn-ún pín wọn. Bisikíìtì ti bàjẹ́, a dà á nù. Ọṣẹ kò rùn mọ́, àmọ́ ó ṣì ń hó. Mo gbé e dé ilé télọ̀, mo gbé e dé ilé àfáà, ní gbogbo ẹnu ọ̀nà mo ń sọ pé, "Ìyá Àgbà ló ní kí n kó o fún yín." Nígbà tí mo dé Òwu-Ìsin, bàbá àna wa gba aṣọ tí mo fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní padà wá gbà á?" Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tí Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn, mo pẹ́ níbẹ̀. Ó rò pé mò ń kí òun ni, ó sì súre fún mi.

Lónìí, irinṣẹ́ tí à ń lò ń wá ohun gbogbo fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí èèyàn tó mu omi tán, ó ti kó igba abala jọ láti ibi tí a kò mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ á sì máa kùn pé ó ń falẹ̀. Nígbà náà ni mo máa ń sọ ìtàn dísíkẹ́ẹ̀tì méjìlá fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn ibi kọ́ọ̀pù omi, wọ́n sì fẹ́ràn ti télọ̀ jù. Ibi tí fèrèsé kékeré yẹn ti ṣí lójú ẹ̀rọ ni mo máa ń dúró sí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tíì sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni kí ó tó di òní.